Ẹni Ìkẹyìn Ló Ń Gbé Pọ́ọ̀ǹpù

Òpó afẹ́fẹ́ náà kí wọn nígbà kẹta.

"Ẹ kú ọ̀nà o, ẹ̀yin alàgbà. Ẹ kú ewu iyanrìn. Afẹ́fẹ́ táyà yín kò pé. Ẹ má bínú, mi ò lè fún yín."

"Ṣé ìkíni la ó fẹ́ sínú táyà?" Làmídì bi í. Ó gbé ẹsẹ̀, ó ta á nípàá. Irin dún gbọ̀ọ̀.

"Ẹ má ta mí nípàá mọ́, bàbá. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀."

Òpó náà ga tó ọkùnrin méjì. Wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé, wọ́n ya ojú tó ń rẹ́rìn-ín sí i lókè. Rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde ká mọ́ ọn lọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n fi irin há a mọ́bẹ̀. Ọwọ́ kò lè fà á yọ.

Mosúnmọ́lá fẹ́ rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ Làmídì. Ó rí ojú Ọ̀jẹ́wùmí. Ó gbé ẹ̀rín náà mì.

Ọ̀jẹ́wùmí dúró ti alùpùpù tirẹ̀, àṣíborí lábẹ́ abíyá, ó ń wo ojú ọ̀run. Agogo mẹ́wàá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní agogo mọ́kànlá, fèrè oòrùn yóò fọn. Bí ó bá ti fọn, gbogbo alùpùpù tó wà lójú ọ̀nà ni yóò kú fúnra rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, gbogbo èèyàn ni ó sì gbọ́dọ̀ ti wà nínú ilé-ibòji. Èyí tó sún mọ́ wọn jù wà ní Ìgbòho. Kílómítà méjìdínlógún, ọ̀nà àpáta. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gùn á lo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n bá ọkùnrin méjì kan nídìí òpó yìí kan náà lẹ́yìn tí oòrùn ti rọlẹ̀. Wọ́n ti gbẹ bí ẹja.

Mẹ́ta ni wọ́n nínú ìrìn náà. Làmídì jẹ́ télọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Òun àti Ọ̀jẹ́wùmí ti jọ ń gun alùpùpù káàkiri ilẹ̀ Òkè-Ògùn láti ìgbà tí irun orí wọn ṣì dúdú. Mosúnmọ́lá jẹ́ olùkọ́ ní Ìsẹ́yìn, ó lé díẹ̀ ní ọmọ ogójì ọdún, ìrìn rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyí. Tíṣà ni wọ́n ń pè é. Ọ̀jẹ́wùmí sì ni ẹni ìkẹyìn.

Ẹni ìkẹyìn kì í kọjá ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Bí ẹni iwájú bá dúró, òun náà a dúró. Òun ló ń gbé okùn, òun ló ń gbé oògùn, òun ló ń gbé pọ́ọ̀ǹpù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é kí Òfin Afẹ́fẹ́ tó dé. Òfin dé, wọ́n ní kò sí ọwọ́ kankan tó gbọ́dọ̀ fẹ́ táyà mọ́ àfi òpó.

Làmídì ló fa wàhálà òní. Odò Ògùn ti di iyanrìn láti ọdún mọ́kànlá. Ẹni tó bá fẹ́ gun alùpùpù kọjá iyanrìn, á kọ́kọ́ tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ kúrò nínú táyà, kí táyà lè tẹ́ pẹrẹsẹ, kó má baà rì. Ogójì ọdún ni Làmídì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbikíbi tí iyanrìn bá wà. Ọwọ́ rẹ̀ kì í béèrè lọ́wọ́ orí rẹ̀ mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹ fáfù, afẹ́fẹ́ jáde fùù. Mosúnmọ́lá wo ohun tí àgbà ṣe, ó ṣe bẹ́ẹ̀. Kí Ọ̀jẹ́wùmí tó dé etí odò, ẹyin ti fọ́. Òun kò tú tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣubú nínú iyanrìn, Làmídì sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi gòkè.

Wọn kò bẹ̀rù. Òpó wà lódìkejì, òpó á fún wọn. Ṣùgbọ́n láti oṣù tó kọjá ni Àjọ Afẹ́fẹ́ ti fi etí sínú fáfù. Etí náà mọ táyà tó jó fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ọwọ́ èèyàn tú. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn. Òpó ló sọ fún wọn, pẹ̀lú ìkíni.

"Táyà tó bá jó, mo lè fún un," ni òpó wí. "Èyí tí ọwọ́ bá tú, èèyàn ló gbọ́dọ̀ dá ẹjọ́ rẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí wọn. Èèyàn á dé lọ́la, ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀."

"Lọ́la?" Mosúnmọ́lá ní. "Kí ló máa bá níbí lọ́la?"

"Á bá yín, ìyá. Ẹ ní sùúrù."

"Á bá ẹran gbígbẹ," Làmídì ní. "Sọ fún un kó gbé ata dání."

Ọ̀jẹ́wùmí sún mọ́ òpó náà. "Ṣé kò sí èèyàn kankan tí a lè bá sọ̀rọ̀ nísinsìnyí?"

"Kò sí èèyàn lórí ìjókòó, bàbá. Ẹ má bínú."

Ó padà sẹ́yìn.

Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà Làmídì àti ti Mosúnmọ́lá wà ní mẹ́rìndínlógún. Ọgbọ̀n ni òfin ń fẹ́. Bí kò bá pé ọgbọ̀n, alùpùpù kò ní mira. Alùpùpù Ọ̀jẹ́wùmí nìkan ló lè rìn, kò sì lè gbé ju ẹni méjì lọ. Bí ẹni kẹta bá gùn ún, alùpùpù á wọ̀n wọ́n, á sì kú fúnra rẹ̀.

Mosúnmọ́lá náà ti ṣe ìṣirò yẹn. "Bàbá," ó ní, "ẹ gbé Bàbá Làmídì, kí ẹ máa lọ. Èmi ni mo ṣì lágbára. N óò jókòó sábẹ́ òjìji òpó."

Ọ̀jẹ́wùmí wo òjìji òpó. Kò fẹ̀ ju ìgbànú lọ.

"Orí Tíṣà ti gbóná," Làmídì ní. "Ọ̀jẹ́, gbé obìnrin yìí kúrò níbí. Èmi ti gbẹ tẹ́lẹ̀. Kí ni oòrùn fẹ́ rí gbẹ lára mi?" Ó rẹ́rìn-ín. Ètè rẹ̀ ti là.

Ọ̀jẹ́wùmí fọwọ́ kan àpò rẹ̀. Inú ń bí i. Òpó kọ́ ló ń bí i nínú. Òpó kò lẹ́jẹ̀ lára. Àwọn tó kọ́ irin ní ìkíni tí wọn kò kọ́ ọ ní àánú, àwọn ló ń bí i nínú. Ó sì ń bínú sí ara rẹ̀, nítorí ó mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ àpò rẹ̀.

Pọ́ọ̀ǹpù oníná kan wà níbẹ̀, tí a fi táwẹ́ẹ̀lì àtijọ́ wé. Kò ju búrẹ́dì kékeré lọ. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, Àjọ Afẹ́fẹ́ pe gbogbo àwọn tó ń kó èèyàn rìn, wọ́n ní kí wọ́n búra pé àwọn kò ní gbé pọ́ọ̀ǹpù mọ́. Ọ̀jẹ́wùmí fi ẹnu kan irin. Ó délé, ó wé pọ́ọ̀ǹpù, ó tì í bọ àpò. Kò lò ó láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n kò lè jáde láìgbé e, bí àgbàlagbà kan ṣe máa ń kọ̀ láti jáde láìdé fìlà. Ẹni tó ń gun irin, tó sì fi irin búra èké, ó mọ ohun tí òun ń ṣeré pẹ̀lú rẹ̀. Ó ń gbé ẹ̀rù náà kiri, ó pa á mọ́ fún ọ̀rẹ́ pàápàá.

Ohun mìíràn tún wà. Ẹni tó bá lò ó, wọn á gba ìwé-àṣẹ ìgùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sì ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí wọ́n gba tirẹ̀, kò ní rí òmíràn gbà títí láé. Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́rin ni Ọ̀jẹ́wùmí. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú, ohun tó ń mú un dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ni ọ̀nà.

Agogo mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú.

"Làmídì," ó ní, "yí alùpùpù rẹ wá síbí. Fáfù sókè."

Ó tú àpò. Ó yọ táwẹ́ẹ̀lì, ó ṣí i.

Làmídì tẹjú mọ́ ọn. "Ọ̀jẹ́! O gbé e? Láti ọdún méjì?"

"Mo gbé e."

"A jọ jẹun, a jọ sùn sórí ẹní kan, o sì tàn mí jẹ!"

"Mo tan gbogbo yín jẹ. Yí alùpùpù wá."

"Kí nìyẹn?" Mosúnmọ́lá béèrè. Ìrìn rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyí, kò rí irú rẹ̀ rí.

"Pọ́ọ̀ǹpù ni, Tíṣà," Làmídì ní. "Ẹ̀wọ̀n kékeré tí wọ́n fi ike bò ni."

Ọ̀jẹ́wùmí fi wáyà rẹ̀ sí bátìrì alùpùpù ara rẹ̀, ó de ẹnu rọ́bà mọ́ fáfù, ó tẹ̀ ẹ́. Pọ́ọ̀ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí àgbọ́n. Nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀ tàn. Mẹ́rìndínlógún. Mẹ́tàdínlógún. Ó lọ́ra. Nígbà tó dé ọgbọ̀n, iná kékeré kan tàn lára táyà náà, àwọ̀ ewéko.

Ó tú u, ó dè é mọ́ táyà ẹ̀yìn.

"Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn!"

Ohùn mìíràn ni. Inú òpó ló ti wá, ṣùgbọ́n kò kí ẹnikẹ́ni. Ohùn obìnrin ni, ó ń mí.

"Ẹ pa á, bàbá. Arinọlá lorúkọ mi, ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé Àjọ Afẹ́fẹ́, ẹ̀ka Ṣakí. Òfin kò fọwọ́ sí ẹ̀rọ yẹn."

Ọ̀jẹ́wùmí kò pa á. Ó gbé ojú sókè. "Ṣé èèyàn ni ọ́?"

"Èèyàn ni mí, bàbá."

"Wọ́n ní kò sí èèyàn."

Pọ́ọ̀ǹpù ń kùn.

"Ìgbà wo lo ti wà níbẹ̀?"

"Láti agogo méje àárọ̀, bàbá."

"O ń gbọ́ wa?"

"A máa ń gbọ́."

"Nígbà tí Tíṣà ní kí n fi òun sílẹ̀ fún oòrùn, o gbọ́?"

"Mo gbọ́." Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Wọn kò fún àwa tó wà lórí ìjókòó láṣẹ láti dá sí afẹ́fẹ́ tí ọwọ́ tú. Tí mo bá gbọ́ ìró pọ́ọ̀ǹpù nìkan ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀."

Làmídì jókòó sílẹ̀ gbọ̀ọ̀, bí ẹni tí wọ́n gbá létí. "Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yìí ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ!"

Ọ̀jẹ́wùmí dìde dúró. Kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ gùn. Ọ̀rọ̀ tó wá sí i lẹ́nu kò gùn náà.

"Bí a bá ń kú, ẹ kì í sí nílé. Bí a bá fẹ́ yè, ẹ ti dé."

Ó tọ́ka sí rọ́bà tó ká mọ́ òpó lọ́rùn.

"Ṣí òpó," Ọ̀jẹ́wùmí ní. "Fún wa ní afẹ́fẹ́. N óò pa pọ́ọ̀ǹpù."

"Bí mo bá ṣí i, orúkọ mi ni wọ́n á kọ, bàbá. Iṣẹ́ mi á lọ. Mo lọ́mọ mẹ́ta nílé." Ó ń sọ ọ́ kíákíá. "Ẹ gbọ́. Táyà kan péré lẹ ti fẹ́. Ẹ pa á báyìí, kí ẹ jù ú sínú iyanrìn. N óò kọ ọ́ pé afẹ́fẹ́ ìta ni mo gbọ́."

"Táyà mẹ́ta tó kù ńkọ́?"

"Mi ò lè ṣe nǹkan kan sí ìyẹn."

"Tèmi ni!" Làmídì fò dìde. "Ìwọ ọmọ yìí, kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi Làmídì Ògúndélé, télọ̀, èmi ni mo ni pọ́ọ̀ǹpù. Ọ̀rẹ́ mi kàn ń bá mi dì í mú ni. Ìwé-àṣẹ tèmi á parí lóṣù kejìlá, ojú mi kò sì ní yege mọ́. Wá gbà á. Mo fi tọrẹ."

"Ṣé tiyín ni lóòótọ́, bàbá?" Ohùn obìnrin náà fúyẹ́ lójijì. "Tó bá jẹ́ tiyín ni, n óò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kíá. Alùpùpù yín ni n óò tì, n óò fi ti bàbá kejì sílẹ̀. Bàbá kejì á gbé yín, ìyá á gun tirẹ̀."

Ó pé. Ẹni mẹ́ta, alùpùpù méjì, Ìgbòho kí fèrè tó fọn. Ìwé-àṣẹ tí kò wúlò mọ́ nìkan ni yóò lọ. Làmídì sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Gbà bẹ́ẹ̀, Ọ̀jẹ́. Mi ò ríran dáadáa mọ́. Ẹ̀yìn rẹ ni mo máa ń tọ̀ bí a bá ti wọ ọ̀dàn. Ìwọ ṣì lè gùn ún fún ọdún mẹ́wàá. Jẹ́ kí n ṣe oore kan fún ọ kí n tó kú."

Ọ̀jẹ́wùmí mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó rí ọdún mẹ́wàá náà lójú rẹ̀, ọ̀nà Kìṣí nígbà ọyẹ́, òkè Àdó lówùúrọ̀. Gbogbo rẹ̀ wà nínú kó sáà dákẹ́.

Ṣùgbọ́n ó ti dákẹ́ fún ọdún méjì. Irọ́ tirẹ̀ wà nínú àpò, irọ́ tiwọn wà nínú òpó. Ó rẹ̀ ẹ́.

"Má kọ orúkọ rẹ̀," ó ní. "Kọ ọ́ báyìí. Ọ̀jẹ́wùmí ọmọ Ìyápọ̀, ará Ìsẹ́yìn. Èmi ni mo ni ín. Mo fẹnu kan irin pé mi ò ní gbé e, mo sì gbé e."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," obìnrin inú òpó ní.

"Wo ìwé yín ti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ìpàdé Ìbàdàn. Wo orúkọ mi níbẹ̀."

Wọ́n gbọ́ bí ó ṣe ń tẹ nǹkan. Ó pẹ́ díẹ̀.

"Mo rí i, bàbá," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ jẹ́rìí pé kí wọ́n ṣe òfin."

"Àbúrò mi ni táyà bẹ́ pa. Ẹnì kan ló fẹ́ ẹ jù. Mo dúró níwájú wọn, mo ní kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ díwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà, kí ọmọ ẹlòmíràn má kú bẹ́ẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Kọ èyí sábẹ́ rẹ̀. Mo ní kí ẹ ṣe òfin tí kò ní jẹ́ kí èèyàn kú. Mi ò ní kí ẹ fi òfin pa wọ́n. Ṣé o ti kọ ọ́?"

"Mo ti kọ ọ́."

"Kà á fún mi."

Ó kà á. Ó kà á títí dé "pa wọ́n".

"Ó dáa. Ṣe iṣẹ́ rẹ."

Iná iwájú alùpùpù Ọ̀jẹ́wùmí pọ́n, ó sì kú. Kò sí ariwo. Pọ́ọ̀ǹpù náà kú pẹ̀lú rẹ̀, nítorí bátìrì kan náà ló ń mu. Nọ́ńbà dúró sórí mẹ́tàlélógún.

Mosúnmọ́lá ló kọ́kọ́ mira. Ó fa wáyà yọ, ó sáré, ó fi í sí bátìrì alùpùpù Làmídì. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí, bàbá?"

"Pupa sí ọ̀tún."

Pọ́ọ̀ǹpù tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n pa á mọ́. Òfin kò bá táyà ṣẹjọ́, ọwọ́ tó fẹ́ ẹ ló ń mú, ó sì ti mú un. Wọ́n parí ti Làmídì, wọ́n bọ́ sí ti Mosúnmọ́lá. Ara pọ́ọ̀ǹpù gbóná débi pé Ọ̀jẹ́wùmí fi táwẹ́ẹ̀lì dì í mú. Àbùdá rẹ̀ ni kó sinmi lẹ́yìn táyà méjì. Kò sí àyè ìsinmi. Òórùn ike tó ń jó gba imú wọn. Ọgbọ̀n. Ewéko. Ọgbọ̀n. Ewéko.

Agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

"Làmídì, ìwọ ṣáájú. Ìlà funfun ẹ̀bá ọ̀nà ni kó o máa wò. Má yà."

Làmídì fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó wo alùpùpù tó kú náà. Kò rí ẹ̀fẹ̀ kankan fà yọ nínú rẹ̀. Ó dé àṣíborí rẹ̀, ó lọ.

"Bàbá," obìnrin inú òpó ní, "wọ́n ní kí ẹ fi pọ́ọ̀ǹpù sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ òpó. Ẹ̀rí ni."

"Ta ni wọ́n?"

"Ọ̀gá mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé."

"Ó yá a lára láti wọlé." Ọ̀jẹ́wùmí wé pọ́ọ̀ǹpù, ó fi sínú àpò, ó gbé àpò kọ́ èjìká. "Sọ fún un pé ilé-ibòji Ìgbòho ni mo wà. Kó wá gbà á lọ́wọ́ mi. Kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, kó wò mí lójú. Mi ò sá lọ síbì kankan. Kò sí ohun tí n óò gùn sá."

Mosúnmọ́lá ti jókòó sórí alùpùpù tirẹ̀, ó ń dúró. Ọ̀jẹ́wùmí lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kọjá. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ẹnikẹ́ni ti gbé e sẹ́yìn alùpùpù gbẹ̀yìn. Kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí. Ó gbé e lé itan, ó gbé e kúrò.

"Ẹ dì mí mú, bàbá."

Ó dì í mú.

Wọ́n gbéra. Òkúta ń fò lábẹ́ táyà. Ooru ń bọ̀ láti inú àpáta, ó ń bọ̀ láti òkè, ó pàdé lára wọn. Níwájú, ẹ̀yìn Làmídì ń mì wá, ó ń mì lọ, ṣùgbọ́n kò yà. Ọ̀jẹ́wùmí kò bojú wẹ̀yìn.

Ní kọ́nà àkọ́kọ́, ara rẹ̀ tẹ̀ sí òsì kí Mosúnmọ́lá tó tẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń wá bíréèkì tí kò sí níbẹ̀. Alùpùpù gbọ̀n, ó fẹ́ já bọ́ sínú kòtò, Mosúnmọ́lá fi agbára fà á padà.

"Bàbá!" ó pariwo sínú atẹ́gùn. "Ẹ jẹ́ kí n gùn ún!"

Ọ̀jẹ́wùmí di eyín. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò níbi tó ti ń wá bíréèkì, ó gbé e lé irin ìtẹsẹ̀ ẹni ẹ̀yìn. Kọ́nà kejì dé. Gbogbo ara rẹ̀ fẹ́ tẹ̀.

Ó jẹ́ kí Mosúnmọ́lá gùn ún.